Líbátì àti Adámásìngbà: Ta Ni Yóò Tún Pápá Ìṣeré Ṣe?

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ pápá ìṣeré nílùú Ìbàdàn jẹ́ ọ̀rọ̀ tó gba kí a wo ẹ̀yìn dáadáa kí a tó gbé ẹsẹ̀ síwájú.

Ẹni tó bá wọkọ̀ ní Agbowó, ní òdìkejì Yunifásítì Ìbàdàn, tó sì ń lọ sí Ring Road, lè gba Sángo àti Mọ́kọ́lá kọjá kó tó dé Dùgbẹ̀. Láàrin Mọ́kọ́lá sí Dùgbẹ̀ ni pápá ìṣeré Adámásìngbà wà, èyí tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Pápá Ìṣeré Lékan Sàlámì. Ní Dùgbẹ̀ fúnra rẹ̀, Ilé Kòkó yóò yọ lókè téńté. Bí ọkọ̀ bá kọjá Òkè-Àdó tó sì dé agbègbè Ring Road, ilé ńlá kẹta yóò hàn: pápá ìṣeré tí ìjọba ń pè ní Pápá Ìṣeré Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ṣùgbọ́n tí àwọn àgbà Ìbàdàn kò yéé pè ní Líbátì.

Ìtàn ilé mẹ́ta wọ̀nyí yàtọ̀ síra. Iná jó ọ̀kan, wọ́n sì tún un ṣe. Ọ̀kan gbó, wọ́n sì tún un kọ́. Ọ̀kan tó lókìkí jù lọ nínú eré ìdárayá sì wà níbẹ̀ tó ń gbó lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wó o, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún un ṣe ní àtúnṣe pípé. Kí ló fa ìyàtọ̀ náà? Ìbéèrè tí àròkọ yìí fẹ́ dáhùn nìyẹn.

Bí Líbátì ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní ọdún 1957 ni Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà gba ìjọba ara-ẹni. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ló ń ṣe olórí ìjọba ẹkùn náà nígbà yẹn. Kòkó ni ọrọ̀ ilẹ̀ wa ní àsìkò náà. Àwọn àgbẹ̀ ń gbin kòkó, àjọ tó ń ra irè oko ń tà á sí òkè òkun, èrè tó sì kù lẹ́yìn títà náà ni ìjọba fi ṣe ọ̀pọ̀ ohun tí a ṣì ń sọ títí di òní. Ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1955. Ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán bẹ̀rẹ̀ nílùú Ìbàdàn ní 1959. Ilé Kòkó tí wọ́n ṣí ní 1965 sì gba orúkọ rẹ̀ lára irè oko náà gan-an.

Inú ìgbòkègbodò yìí ni wọ́n ti kọ́ pápá ìṣeré Líbátì. Iṣẹ́ parí ní 1960, ní ọdún tí Nàìjíríà gba òmìnira, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní orúkọ gẹ̀ẹ́sì tó túmọ̀ sí òmìnira. Nígbà tí wọ́n ṣí i, Awólọ́wọ̀ ti fi ipò olórí ìjọba ẹkùn sílẹ̀ láti Oṣù Kejìlá 1959, Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá ló wà níbẹ̀. Nítorí náà, bí a bá ń sọ pé Awólọ́wọ̀ ló kọ́ Líbátì, òótọ́ ni ní ti èrò àti ètò ìjọba rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn mọ̀ pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni ìjọba wà nígbà tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí.

Ohun mìíràn tún wà tó yẹ kí a tún ṣe nínú ìtàn tí a ń sọ fún ọmọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ pé Líbátì ni pápá ìṣeré àkọ́kọ́ ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Pápá ìṣeré ìlú Alẹkisáńdíríà ní ilẹ̀ Íjíbítì ti wà láti ọdún 1929. Ní Èkó pàápàá, pápá ìṣeré Oníkàn ti wà láti àwọn ọdún 1930. Líbátì kò nílò irọ́ kó tó lè ní iyì. Ẹkùn kan ṣoṣo nínú orílẹ̀-èdè tó ń múra láti gba òmìnira ló fi owó àgbẹ̀ kọ́ pápá tó gba nǹkan bí 35,000 ènìyàn. Ìyẹn nìkan tó ohun tí a ń fi yangàn.

Alẹ́ tí ayé ń wo Ìbàdàn

Ohun tó sọ Líbátì di mímọ̀ káàkiri ayé kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ni. Akànṣẹ́ kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Richard Ihetu, ọmọ Igbo láti Amaigbo, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Dick Tiger. Ní ọjọ́ 23 Oṣù Kẹwàá 1962, ó na Gene Fullmer, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ àgbáyé fún àwọn akànṣẹ́ oníwọ̀n àárín. Ìlú San Francisco ni wọ́n ti jà á, nínú pápá kan tó ń jẹ́ Candlestick Park. Ní Oṣù Kejì 1963, àwọn méjèèjì tún pàdé ní Las Vegas, ìjà náà sì parí ní ọ̀mì.

Ìjà kẹta ni wọ́n gbé wá sí Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 10 Oṣù Kẹjọ 1963, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kún Líbátì fọ́fọ́. Tiger fi ẹ̀ṣẹ́ lu Fullmer títí tí ìpele keje fi parí, Fullmer kò sì lè dìde fún ìpele kẹjọ. Fullmer kò jà mọ́ láyé rẹ̀ lẹ́yìn alẹ́ ọjọ́ náà. Ìjà yìí ni àkọ́kọ́ tí wọn yóò jà fún àmì ẹ̀yẹ àgbáyé ní ilẹ̀ àwọn adúláwọ̀ ní Áfíríkà. Kò tíì pé oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀ tí Nàìjíríà fi di orílẹ̀-èdè olómìnira tó ní Ààrẹ tirẹ̀. Ọmọ Igbo ni akọni ọjọ́ náà, ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ti yẹ́ ẹ sí, gbogbo Nàìjíríà ló sì jọ ń yọ̀. Ẹni tó bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí láàrin 1966 sí 1970 yóò mọ ìdí tí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ fi yẹ ní ìrántí.

Kí òǹkàwé fi ọkàn sí Candlestick Park tí a dárúkọ yẹn. Pápá bésíbọ́ọ̀lù ni, ìyẹn eré tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù kékeré. Ọdún 1960 ni wọ́n ṣí i, ọdún kan náà tí wọ́n ṣí Líbátì. Ọjọ́ orí kan náà ni pápá méjèèjì ní, akànṣẹ́ kan náà ló sì borí ọ̀tá kan náà nínú wọn. A óò padà sórí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i níwájú.

Láti orí ìdíje dé orí ìgbàgbé

Líbátì kò sinmi lẹ́yìn Tiger. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìbàdàn, Shooting Stars, tí wọ́n ń pè ní IICC ní àwọn ọdún 1970 tí a sì wá mọ̀ sí 3SC lẹ́yìn náà, di ẹgbẹ́ tí gbogbo ìlú ń gbè lẹ́yìn. Ní 1976, ẹgbẹ́ yìí gba ife ẹ̀yẹ àwọn ẹgbẹ́ tó gba ife ní Áfíríkà. Òun ni ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí yóò gba ife ilẹ̀ Áfíríkà. Inú ẹgbẹ́ yìí ni Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí àti Mùdá Láwàl ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká.

Nígbà tí Nàìjíríà gba àlejò Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ní 1980, ìlú méjì péré ni wọ́n ti gbá a: Èkó àti Ìbàdàn. Àwọn Alùjéríà, Mòrókò, Gánà àti Gínì ni wọ́n pín sí Ìbàdàn. Líbátì náà ni Alùjéríà àti Íjíbítì ti gbá ọ̀kan nínú àṣekágbá kejì. Wọ́n gbá ọ̀mì 2 sí 2 kí Alùjéríà tó fi gbígbá pẹnáritì borí. Ní Èkó, Nàìjíríà na Alùjéríà ní 3 sí òdo, Ọdẹ́gbàmí, ọmọ ẹgbẹ́ Ìbàdàn, ló sì jẹ góòlù méjì nínú rẹ̀. Ní 1999, nígbà tí Nàìjíríà gba àlejò ìdíje àgbáyé ti àwọn ọ̀dọ́, Ìbàdàn tún wà lára àwọn ìlú tí wọ́n ti gbá a.

Lẹ́yìn èyí ni nǹkan yí padà. Ní 2009, Nàìjíríà gba àlejò ìdíje àgbáyé ti àwọn ọ̀dọ́ tí ọjọ́ orí wọn kò ju ọdún 17 lọ. Ìlú mẹ́jọ ni wọ́n yàn. Èkó wà níbẹ̀, Ìjẹ̀bú-Òde wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n Ìbàdàn kò sí níbẹ̀. Ìlú tó gba Fullmer lálejò ní 1963, tó gba Íjíbítì lálejò ní 1980, kò rí ẹnu wọ̀ ọ́ mọ́. Èyí kì í ṣe ìwọ̀sí láti ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí ọwọ́ kò bá tọ́jú ni, ojú kì í rí i mú jáde fún àlejò.

Bí pápá ṣe ń kú

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé pápá ìṣeré kì í ṣubú lọ́jọ́ kan. Díẹ̀díẹ̀ ni. Kankéré tí wọ́n fi mọ àtẹ̀gùn ìjókòó ní irin nínú. Bí kankéré bá sán, omi òjò yóò wọ ibi tó sán náà. Omi yóò mú kí irin dípẹtà. Irin tó bá dípẹtà a máa wú, bó bá sì wú, yóò fọ́ kankéré tó bò ó mọ́lẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ojú sísán kékeré tí àpò sìmẹ́ńtì kan ìbá dí ní ọdún kìn-ín-ní yóò di òkúta tó ń já bọ́ lórí èrò ní ọdún ogún.

Bákan náà ni ilẹ̀ tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀. Koríko nílò ẹni tí yóò gé e, tí yóò bomi rin ín, tí yóò sì máa la ojú gọ́tà abẹ́ rẹ̀ kí omi má dá dúró. Bí wọ́n bá lo irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìpàdé òṣèlú lónìí, tí wọ́n lò ó fún àjọ̀dún lọ́la, tí ọkọ̀ gun orí rẹ̀ lọ́tùn-ún-la, ilẹ̀ yóò le gbandi bí ojú ọ̀nà. Ṣọ́ọ̀bù, ilé ìwẹ̀, iná, ilẹ̀kùn, gbogbo wọn ni wọ́n nílò ẹni tí yóò máa béèrè wọn lójoojúmọ́.

Owó àtúnṣe kékeré kì í tó nǹkan bí a bá ń ná an lọ́dọọdún. Àìná an ló ń sọ ọ́ di owó ńlá. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Bí ìjọba bá kọ̀ láti dí ojú sísán nígbà tó wà ní kékeré, nígbà tí owó rẹ̀ bá di bílíọ̀nù, ìjọba kan náà yóò sọ pé owó náà ti pọ̀ jù.

Ta ló ni ín?

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ló kọ́ Líbátì, ṣùgbọ́n ẹkùn kò sí mọ́. Ìjọba ológun fọ́ àwọn ẹkùn sí ìpínlẹ̀ ní 1967, ní 1976 ni ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sì pín sí Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. Ní àárín àwọn ọdún 1970, ìjọba àpapọ̀ gba ọ̀pọ̀ nínú ohun tí àwọn ẹkùn dá sílẹ̀. Wọ́n gba Yunifásítì Ifẹ̀ ní 1975. Wọ́n gba ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán Ìbàdàn, ó sì di ara NTA. Líbátì náà bọ́ sábẹ́ ìjọba àpapọ̀, ó sì wà lábẹ́ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà náà, bí òrùlé bá jò ní Ring Road, ọ́fíìsì kan ní Èkó ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí. Lẹ́yìn tí olú-ìlú kúrò ní Èkó ní 1991, ó di Àbújá. Ẹni tó ni àṣẹ kò gbọ́ ìró òjò tó ń jò náà. Ẹni tó ń gbọ́ ìró òjò kò ní àṣẹ. Gómìnà tó bá fẹ́ náwó sí i yóò máa rò ó pé ilé onílé ni òun fẹ́ tún ṣe. Mínísítà tó yẹ kó náwó sí i ní pápá mìíràn káàkiri orílẹ̀-èdè láti bójú tó.

Ẹ jẹ́ kí a fi Ilé Kòkó wé e. Owó kòkó kan náà ló bí àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n pín ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ní 1976, àwọn ìpínlẹ̀ tó jáde lára rẹ̀ kó dúkìá wọn jọ sábẹ́ ilé iṣẹ́ Odù'a, Ilé Kòkó sì wà nínú rẹ̀. Ní Oṣù Kìn-ín-ní 1985, iná ńlá jó Ilé Kòkó. Ọ̀pọ̀ ìlú ni ilé tó jóná bẹ́ẹ̀ yóò di àwókù. Ilé iṣẹ́ tó ni ín kò jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i padà ní 1992. Ilé tí iná jó dìde, pápá tí iná kò jó sì ń wó lọ. Ìyàtọ̀ wọn ni pé ẹni tó ni ọ̀kan wà nítòsí, ó sì ń gba owó ilé lórí rẹ̀. Ẹni tó ni èkejì jìnnà, kò sì sí ohun tó ń pàdánù bó bá bàjẹ́.

Adámásìngbà

Ìlú kò dúró de Líbátì. Pápá mìíràn dìde ní Adámásìngbà, ní àárín ìlú gan-an, lábẹ́ àṣẹ ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ Olóyè Lékan Sàlámì, ẹni tó fi ara àti owó rẹ̀ sin ẹgbẹ́ Shooting Stars. Kò tóbi tó Líbátì rárá, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ 3SC sọ ọ́ di ilé rẹ̀. Èrò láti Bódìjà, Agbowó, Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba lè dé ibẹ̀ láìlo ọ̀pọ̀ owó ọkọ̀. Yíká rẹ̀, ọjà àti ṣọ́ọ̀bù wà.

Àwọn ọdún kan ń bọ̀ tí ẹgbẹ́ àti pápá jọ rẹ̀yìn. Ní 2017, 3SC já kúrò ní líìgì àgbà. Ìjókòó ti gbó, ilẹ̀ bọ́ọ̀lù kò dára mọ́. Ní 2020, ìjọba Gómìnà Ṣèyí Mákindé fọwọ́ sí àtúnkọ́ pápá náà, owó rẹ̀ sì ju bílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ. Wọ́n tún ilẹ̀ bọ́ọ̀lù, ìjókòó àti iná ṣe. Ní 2021, 3SC padà sí líìgì àgbà, iṣẹ́ pápá náà sì parí kí sáà àkọ́kọ́ gómìnà náà tó dópin ní 2023. Ẹgbẹ́ àti ilé rẹ̀ jọ dìde.

Àwọn kan lè béèrè pé: ṣé ó yẹ kí ìjọba ná bílíọ̀nù lé pápá bọ́ọ̀lù lórí nígbà tí òrùlé ilé ẹ̀kọ́ ń jò? Ìbéèrè gidi ni, kò sì yẹ kí olùkọ́ fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé owó yẹn ìbá má tó bẹ́ẹ̀ bó bá jẹ́ pé wọ́n ń tọ́jú pápá náà láti ọdún dé ọdún. Ẹni tó bá fẹ́ kí owó kù fún ilé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bèèrè fún ìtọ́jú, kì í ṣe fún ìpatì. Ohun kejì ni pé ẹni tó pinnu láti náwó náà ń gbé ìlú náà. Bó bá ṣe é dáadáa, ìbò lè gbè é. Bó bá ná an ní ìnákúnàá, àwọn ará Ìbàdàn mọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Ohun tí àwọn ìlú mìíràn ṣe

Ó tó àkókò láti padà sí Candlestick Park. Ìjọba ìlú San Francisco ló ni pápá náà. Ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù Giants kàn ń háyà rẹ̀ ni. Etí omi ni wọ́n kọ́ ọ sí, atẹ́gùn àti òtútù sì ń da eré rú níbẹ̀. Síbẹ̀, kankéré rẹ̀ lágbára. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní ọjọ́ 17 Oṣù Kẹwàá 1989, tí èrò kún inú rẹ̀ fún ìdíje ńlá, pápá náà kò wó pa ẹnikẹ́ni. Àwọn Giants ń fẹ́ pápá tuntun. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú àwọn olùdìbò ìlú ní 1987, wọ́n kọ̀. Wọ́n tún gbé e wá ní 1989, wọ́n tún kọ̀, nítorí wọn kò fẹ́ kí owó ìlú lọ sí i. Ní 1996, ẹgbẹ́ náà sọ pé àwọn yóò fi owó aládàáni kọ́ ọ. Àwọn olùdìbò gbà. Wọ́n ṣí pápá tuntun ní 2000, nítòsí àárín ìlú. Nígbà tí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tó kù síbẹ̀ náà kúrò, wọ́n wó Candlestick ní 2015.

Ní Boston, ọ̀tọ̀ ni ohun tí wọ́n ṣe. Pápá bésíbọ́ọ̀lù Fenway ti wà láti ọdún 1912. Ní 1999, àwọn tó ni ẹgbẹ́ ibẹ̀ sọ pé kí wọ́n kọ́ tuntun. Ní 2002, ẹgbẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn mìíràn, àwọn wọ̀nyí sì yan àtúnṣe. Wọ́n ń fi ìjókòó kún un, wọ́n ń tún kankéré ṣe lọ́dọọdún, wọ́n sì ń gbá eré níbẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n wó pápá Wembley tó ti wà láti 1923, wọ́n sì ṣí tuntun sí ojú ibẹ̀ gan-an ní 2007.

Ìlú mẹ́ta, ìpinnu mẹ́ta. Ọ̀kan kó lọ síbòmíràn, ọ̀kan tún ti àtijọ́ ṣe, ọ̀kan wó o kó tó kọ́ tuntun sí ibẹ̀. Kò sí èyí tí a lè pè ní àṣìṣe pátápátá nínú wọn. Ohun tó pa wọ́n pọ̀ ni pé ẹnìkan wà tó ní àṣẹ láti pinnu, ẹni náà pinnu, àwọn ará ìlú sì mọ ẹni tí wọn yóò bi léèrè. Ti Líbátì kò rí bẹ́ẹ̀. Wọn kò wó o, wọn kò kọ́ mìíràn rọ́pò rẹ̀, àtúnṣe tó sì ń bá a kò ju ti ìgbà-dé-ìgbà lọ. Àgbàtán là ń gbọ̀lẹ; bí a bá dáṣọ fún un, à pa á láró.

Orúkọ àti iṣẹ́

Ní Oṣù Kọkànlá 2010, Ààrẹ Goodluck Jonathan yí orúkọ Líbátì padà sí Pápá Ìṣeré Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Kò sí ẹni tó lè sọ pé orúkọ náà kò yẹ. Ìjọba Awólọ́wọ̀ ló gbìn ín. Ṣùgbọ́n orúkọ kì í dí òrùlé. Lẹ́yìn ìyípadà orúkọ náà, àwọn ìwé ìròyìn ṣì ń kọ nípa koríko tó gba ilẹ̀ bọ́ọ̀lù àti ìjókòó tó bàjẹ́. Yorùbá ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ẹni tó fi orúkọ baba sára ilé, tó wá jẹ́ kí ilé náà wó, ọwọ́ wo ló fi ń júwe rẹ̀?

Nígbà tí ìjíròrò bá dé orí Líbátì, àwọn ènìyàn máa ń pín sí méjì. Àwọn kan ní kí wọ́n tún un ṣe nítorí ìtàn tó wà níbẹ̀. Àwọn kan ní kí wọ́n wó o kí wọ́n kọ́ ti ìgbàlódé. Ohun tó yẹ kó ṣíwájú ìjiyàn yìí ni kí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ yẹ kankéré rẹ̀ wò, kí wọ́n sọ bí egungun rẹ̀ ṣe le tó. Lẹ́yìn ìyẹn, ìbéèrè mẹ́ta ló kù. Ẹgbẹ́ wo ni yóò máa lò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Owó ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀ lọ́dọọdún lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gé rìbọ́ọ̀nù tán? Ta ni àwọn ará Ìbàdàn yóò mú bí ojú sísán àkọ́kọ́ bá yọ? Bí wọn kò bá dáhùn ìwọ̀nyí, pápá tuntun yóò gbó bí ti àtijọ́, kò ju pé yóò gbé owó púpọ̀ lọ.

Kò sí ìdí tí Adámásìngbà pàápàá kò fi ní padà sí bó ṣe wà ní 2017 bí wọ́n bá gbàgbé ìtọ́jú rẹ̀. Ọ̀dà kì í pẹ́ ṣá. Àtúnṣe kan kì í tó ilé títí láé.

Ẹ̀kọ́ fún wa

Ìtàn ilé mẹ́ta yìí kọ́ni pé dúkìá ìlú kì í tìdí àìlówó nìkan bàjẹ́. Owó kòkó kọ́ Líbátì nígbà tí Nàìjíríà kò tíì rí owó epo rọ̀bì lò bó ṣe wá rí i lẹ́yìn náà. Àwọn ọdún tí owó epo ń ṣàn gan-an ni pápá náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Ohun tó sọnù láàrin ìgbà méjèèjì ni ẹni tó jẹ́ pé tirẹ̀ ni, tó wà nítòsí, tó sì ń pàdánù bó bá bàjẹ́.

Nítorí náà, yálà ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ ni Líbátì bá wà, tàbí ọwọ́ ìpínlẹ̀, tàbí ọwọ́ aládàáni, ohun tó yẹ kí àwọn ará Ìbàdàn béèrè kò yí padà: kí olówó rẹ̀ ní orúkọ, kó ní àdírẹ́sì, kó sì gbọ́ ìró òjò. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ lè mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín dé àwọn ibi mẹ́ta wọ̀nyí ní ọjọ́ kan ṣoṣo, láti Agbowó dé Ring Road. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo Adámásìngbà, kí wọ́n wo Ilé Kòkó, kí wọ́n sì wo Líbátì. Ẹ sọ fún wọn pé àwọn àgbẹ̀ kòkó ló sanwó ìkẹyìn náà, àti pé níbẹ̀ ni Fullmer kò ti lè dìde fún ìpele kẹjọ. Lẹ́yìn náà, ẹ bi wọ́n pé ta ló yẹ kó tún un ṣe. Àwọn náà ni wọn yóò di gómìnà, mínísítà àti olùdìbò lọ́la.